Gìtá Pupa Méjì àti Etí Màmá

Láti ìgbà tí a ti sin Màmá ni àwọn àbúrò mi ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn. Wọ́n ní èmi ni mo kàwé jù nínú ilé, àti pé ọ̀dọ̀ mi ni Màmá kú sí. Ohun tí wọ́n ń retí ni ìlú tí Màmá ti wá, ọkọ tí wọ́n fẹ́, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ, oyè tí wọ́n jẹ nínú ìjọ. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú tí a pín fún àwọn àlejò, pẹ̀lú àwòrán tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò ní tún un kọ. Etí Màmá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àti ọwọ́ wọn, àti ìtìjú kan tí àwa méjèèjì jọ rù. Màmá ti sọ tiwọn kalẹ̀. Tèmi ṣì wà lórí mi.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá mi kò pẹ́ láyé, nítorí náà ọwọ́ Màmá ni mo dàgbà sí, ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé pákó tó di ilé bíríkì nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ìyàwó mi sì ti ṣaláìsí, ilé yẹn náà ni mo padà sí. Màmá ti kọjá àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ tó ti hu ewú ṣe ń jẹun pọ̀ nídìí tábìlì kan, tí wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tó gbàgbé láti pa iná. Bí inú bá ń bí Màmá, "Yunifásítì" ni wọ́n máa ń pè mí. Bí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, mo di Àkànní.

Etí wọn ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́. Láti inú yàrá ni Màmá ti máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, nípa bí sálúbàtà rẹ̀ ṣe ń lu ilẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fọn fèrè ní Àpápá, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á ní, "Ìyẹn kò tíì já ẹrù. Ohùn rẹ̀ ṣì wúwo." N kò mọ bóyá òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lọ sí èbúté lọ wádìí rẹ̀ rí.

Liverpool Road, ní Àpápá, ni wọ́n ti ta ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà tòkunbọ̀ tó ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀: fáànù, rédíò, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń yẹ ara ọjà wò, wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á yí i sí oòrùn. Màmá a máa di ojú ni. Wọ́n á fi ìka kan gbá a, wọ́n á gbé e sún mọ́ etí, wọ́n á sì sọ pé kí wọ́n gbé e wá tàbí kí wọ́n gbé e lọ. Nígbà kan mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi í wo ọjà kí wọ́n tó rà á. Wọ́n ní, "Ojú lè rí ọ̀dà kó gbà á gbọ́. Etí kì í gba ọ̀dà."

Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti yunifásítì wálé fún ìsinmi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi imú sọ, a ń fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí àwọn olùkọ́ wa. Màmá wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń ro ẹ̀bà. Wọn kò yọjú. Ohùn wọn nìkan ló jáde: "Àkànní, aṣọ rẹ ni mo rí lórí okùn yẹn. Ohùn ta ni o gbé wọ̀ wálé?" Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé náà fún gbogbo ìyókù ìsinmi ọ̀hún.

Ó ku ọwọ́ Màmá. Ọwọ́ wọn pọ̀. Wọn kò mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ní ìwọ̀nba. Bí òtútù bá mú mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ìpara tí ó yẹ kí a fi ìka kan họ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú, wọ́n á fi ra àyà, ẹ̀yìn àti imú mi, títí n kò fi ní lè la ojú. Epo inú ọbẹ̀ wọn máa ń léfòó lókè bí adágún omi. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọ, ó dára kí o ti jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà mi, kí wọ́n tó kú, máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Màmá á dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó ń fi ẹ̀kán-ẹ̀kán fúnni, ẹ̀kán ìfẹ́ ló ní."

Ọwọ́ yìí àti etí yẹn, àwọn ló jọ mú ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ wáyé.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. A kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, a sì máa ń ya gbogbo ohun tí a bá fi ń sin Ọlọ́run sí mímọ́ pẹ̀lú òróró: agogo, àga, máìkì, ìlù. Màmá ni Ìyá Ìjọ, ọwọ́ wọn ni ìgò òróró ólífì máa ń wà.

Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ń bá Màmá kó ọjà gbé gìtá béèsì méjì wá láti Àpápá. Màmá ti fi ọjà sílẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì máa ń gbé nǹkan wá fún wọn láti gbọ́. Gìtá méjèèjì pupa, igi kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ọrùn kan náà. Màmá ní kí n gbé wọn lé itan àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò ta wáyà tó nípọn jù, wọ́n dúró títí ohùn rẹ̀ fi rọlẹ̀ tán, wọ́n tún ta ti èkejì. Wọ́n ní, "Ìyá kan náà ló bí wọn." Wọ́n ra méjèèjì. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Táyé, wọ́n fún ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n sọ èkejì ní Kẹ́hìndé, wọ́n fún ẹ̀ka ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bàdíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Tajú ló ń ta Táyé. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ní ọjọ́ Àìkú ó máa ń wá bá wa ta béèsì, àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì kò sì bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìparí ìsìn, ó máa ń fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu gìtá náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní òun nìkan ni kì í fi ariwo bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, Màmá a máa ta òróró sí àwọn ohun èlò orin. Sí ìlù, wọ́n á ta díẹ̀. Sí agogo, díẹ̀. Ṣùgbọ́n Táyé jẹ́ ẹ̀bùn ọwọ́ Màmá fúnra wọn. Tajú á gbé e dání ní ìdùbúlẹ̀, Màmá á sì da òróró sí i láti orí dé ìdí, wọ́n á fi ọwọ́ fà á kọjá lórí àwọn wáyà, bí ẹni ń fi àdí pa ara ọmọ tuntun. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Tajú rọra sọ pé, "Màmá, díẹ̀ náà tó o." Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ olóròóró náà pa á lórí. Wọ́n ní, "Tajú mi, a kì í fún Ọlọ́run ní ẹ̀kán-ẹ̀kán."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwa àti àwọn ará Bàdíà jọ ṣe ìkórè pọ̀ ní ilé ìjọsìn wa. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé dání. Ọmọkùnrin tó ń ta á fún wọn ló kọ́kọ́ bá wa kọrin, lẹ́yìn náà Tajú gba orin náà mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú Táyé. Sípíkà kan náà ni, orin kan náà ni.

Ìyàtọ̀ náà kò ṣeé bò. Ohùn Kẹ́hìndé mọ́. Bí ìka bá kan wáyà, o gbọ́ ìka náà. Ohùn náà jáde tòun ti eyín, ó rìn gba ilẹ̀ kọjá, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ kí ó tó kú. Táyé ní tirẹ̀ ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ó wúwo, ó dún dùù, ó sì kú síbi tó ti dún. Kí n má purọ́, ti Táyé ló wù mí jù. Ó rán mi létí rédíò àtijọ́ tó wà ní yàrá wa ní yunifásítì, tí béèsì inú rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Wòlíì tó jẹ́ olórí ìjọ wa náà sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ti Táyé ló jọ àdúrà. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, Kẹ́hìndé ni gìtá.

Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí tó dùn jù. Níbi tí wọ́n jókòó sí ní ìlà iwájú, mo rí i tí wọ́n di ojú. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n dìde dúró. Orin dá.

"Tajú," ni wọ́n wí, "ṣebí o gbé gìtá yìí lọ fún àtúnṣe ní Màlúù Road lóṣù tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ibi tí wáyà iná ń wọ̀ ló mì. Wọ́n jó o pọ̀."

"Kí lo yọ nínú rẹ̀?"

"Màmá?"

"Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ẹnì kan ti yọ ohun tó wà nínú Táyé, ó ti fi yẹpẹrẹ sí i. Kí lo yọ nínú gìtá Ọlọ́run, o gbé e fún ta ni?"

Àwọn ará Bàdíà ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ Ìmàle ni, kí lẹ ti ń retí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà, ó ṣì wà ní etí mi.

Tajú ní òun kò yọ ohunkóhun, kò sì pariwo. Ó tú okùn gìtá náà kúrò léjìká, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e ti ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni tó gbà á gbọ́, nítorí etí Màmá kò tíì ṣì rí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ pé etí kì í gba ọ̀dà. Ẹ tún gbọ́ mi dáadáa." Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ olè kì í pẹ́ rin Ajégúnlẹ̀ já. Àwọn ìjọ mìíràn tí wọ́n ń pe Tajú fún ìsọ́jí kò pè é mọ́. Ẹgbẹ́ olórin kan tó ti gbà á dá a padà; wọ́n ní àwọn kò lè fi ohun èlò àwọn síkàáwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wá sí ìsìn mọ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé Tajú wà ní ìdí iṣẹ́ fọkanáísà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Màlúù Road, ó ń lẹ táyà tírélà.

Màmá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó sọnù, kí a lè ra irú rẹ̀ fi sí i. Wọ́n ní kí n yá Kẹ́hìndé ní Bàdíà, kí a gbé àwọn méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń tún wọn ṣe. Ẹni tó ń ṣe é ni Ọ̀gá Ẹfẹ, ará Wàrì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún sípíkà tó ti ya ẹnu. Màmá jókòó lórí àpótí, wọ́n ka ọwọ́ mọ́ àyà bí adájọ́.

Ọ̀gá Ẹfẹ tú ikùn àwọn gìtá méjèèjì, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òòfà tó ń gbé ohùn wáyà wà nínú tibí, òòfà wà nínú tọ̀hún. Wáyà inú wọn bára mu, nọ́ńbà ara wọn bára mu.

"Mama, nothing miss o," ló wí. "Gbogbo ẹ̀ pé. Ibi tí mo jó fún Tajú nìyẹn, ẹ wò ó."

"Kí ló dé tí kò ké?"

Ọ̀gá Ẹfẹ fi ìka fa wáyà Táyé. Ó wo ìka rẹ̀, ó gbé e sí imú. "Àbí ẹ̀yin fi wáyà yìí dín àkàrà ni?"

Ó tú àwọn wáyà náà, ó ká wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó gbé ìkòkò omi ka sítóòfù, ó jù wọ́n sínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí wáyà bá ti gba ìdọ̀tí, a máa ń sè é, kí ohun tó wà láàárín rẹ̀ lè jáde. A dúró. Omi hó. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú omi náà, ó ń dán, ó fẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo gbogbo ojú ìkòkò. Òróró ni. Òórùn ólífì gba ṣọ́ọ̀bù náà, tòun ti òórùn tùràrí wa, bí ẹni pé a wà nínú ìsìn. Òróró oṣù dé oṣù, pẹ̀lú eruku àti eérú tùràrí tó lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló ti di Táyé lẹ́nu.

Màmá tẹ orí ba, wọ́n wo inú ìkòkò náà.

Ọ̀gá Ẹfẹ nu àwọn wáyà náà gbẹ, ó so wọ́n padà, ó ta á. Táyé ké bí Kẹ́hìndé. Ó ké tòun ti eyín. Mo ń retí pé kí Màmá tún sọ pé ìyá kan náà ló bí wọn, bí wọ́n ti sọ lọ́jọ́ tí àwọn gìtá náà kọ́kọ́ dé. Wọn kò sọ ọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà tí a wọ̀ padà sílé ni wọ́n ti la ẹnu. Wọ́n ní, "Etí mi gbọ́ òótọ́. Ẹnu mi ló pa irọ́."

Wòlíì wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, nítorí Màmá ti ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká bo ara wa láṣọ. Gìtá ti ń ké, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ó pe Tajú ní kọ̀rọ̀, a ó bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ní kọ̀rọ̀ ni mo ti pè é lólè?"

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá dìde nínú ìjọ, tí ẹ sọ pé òróró ìyàsímímọ́ ló ba gìtá jẹ́, kí ni àwọn ènìyàn yóò máa sọ nípa òróró? Àwọn aláìsàn ń fi í pa ara. Àwọn aboyún ń mu ún."

Màmá na ọwọ́ mú ìgò òróró wọn, wọ́n yí i wò. Mo rò pé wọ́n ti gbà. Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń ba Wòlíì lẹ́rù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá fẹ́ kí orúkọ Tajú mọ́, a ní láti fi ìdọ̀tí náà sí ibòmíràn, kò sì sí ibi tí a lè fi í sí tí kò ní dun ẹnì kan.

"Òróró kò ṣe nǹkan kan," ni Màmá wí nígbẹ̀yìn. "Ọwọ́ mi ló pọ̀."

Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn ní ọjọ́ Àìkú, ní àsìkò ìjẹ́rìí, níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn ènìyàn ti ń múra láti pariwo halelúyà. Màmá ní, "Kì í ṣe ẹ̀rí ọpẹ́ ni mo fẹ́ jẹ́. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, kò jalè. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ba gìtá náà jẹ́. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ẹ ti sọ tàkọ́kọ́ fún." Wọ́n gbé ìgò òróró lé orí tábìlì níwájú Wòlíì, wọn kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́ láyé wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi: "Àkànní, gbé mi lọ sí Màlúù Road."

Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní rárá. Báyìí ni àwa arúgbó méjì, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà láàárín àwọn tírélà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Àwọn awakọ̀ jókòó lórí táyà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Tajú wà lórí ìjókòó kékeré, ó gbé táyà kan sáàárín ẹsẹ̀.

Nígbà tó rí wa, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Màmá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Wọ́n di ejìká mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orókún ba.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Tajú ti fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Àbúrò bàbá rẹ̀ sáré jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá. Àgbà bíi tiyín kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Èpè ni, bí ẹ kò tilẹ̀ gbé e ṣẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Màmá dúró pẹ̀lú orókún tó ti tẹ̀ díẹ̀, wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sì fẹ́ dìde. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé wá tóbi ju ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀ lọ. Wọ́n wò mí.

"Àkànní, dọ̀bálẹ̀."

"Màmá, èmi náà—"

"Èmi ni mo rán ọ. Ara mi lo fi ń dọ̀bálẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ọmọdé ni ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na gbogbo ara mi sílẹ̀ nínú ọ́ìlì tírélà, níwájú ọmọkùnrin tí mo lè bí. Àwọn awakọ̀ dáwọ́ búrẹ́dì dúró. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Bàbá Aládùúrà, wetin you thief?" Òmíràn dá a lóhùn: "Owó igbá ni! Wọ́n ti ká a mọ́ ìdí owó igbá!" "Ẹ wo ewú orí ẹ̀ o! Bàbá olè!" Ẹ̀rín ta. Ẹnì kan ti yọ fóònù láti ya mí.

Mo ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí. Àwọn ènìyàn ti dìde dúró fún mi rí bí mo bá wọlé. Níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí, tí ọ̀rọ̀ olè ń bọ́ lé mi lẹ́yìn, tí n kò sì lè dáhùn, Tajú ló wá sí mi lọ́kàn. Mo rántí ẹ̀rín tí ìjọ rín lọ́jọ́ ìkórè. Mo fi ọwọ́ tilẹ̀ láti dìde. Ohùn Màmá wá láti òkè orí mi, kò le, kò sì rọ̀: "Má tíì dìde. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ lólè tán."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àwọn awakọ̀ náà. "Kò jí nǹkan kan. Tajú yìí náà kò jí nǹkan kan. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo parọ́ mọ́ ọn." Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń yà mí rọra fi fóònù rẹ̀ sápò.

Tajú fà mí dìde fúnra rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́. "Mo ti gbọ́, Màmá. Mo ti fi jì yín, tọkàntọkàn ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n padà wá."

Màmá mi orí. "N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fọ́ ni mo wá kó. N kò wá gba òmíràn lọ́wọ́ rẹ."

Ọ́ìlì náà kò fọ̀ kúrò lára sùtánà mi. Mo lo ọṣẹ, mo lo omi gbígbóná, ó kàn fẹ̀ sí i ni, láti àyà dé ikùn. Mo fẹ́ rán òmíràn. Màmá ní kí n má rán an, èyí ṣì dáa. Nítorí náà, ọjọ́ Àìkú gbogbo ni mo ń gbé àbàwọ́n dúdú náà wọ ilé ìjọsìn láàárín gbogbo aṣọ funfun yẹn, mo sì ń fi ìwé orin bò ó. Àwọn àlejò máa ń wò mí, wọ́n á wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá fi àga wọn ní ìlà iwájú sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àga pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀yìn àwọn olórin, lẹ́bàá sípíkà. Wòlíì bẹ̀ wọ́n títí pé ariwo ibẹ̀ yóò ba etí wọn jẹ́. Wọ́n ní, "Òkèèrè ni mo ti ṣì í gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ ọn." Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀ láti gbé wọn jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá yin etí wọn, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún iléyá, ọdún ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n á ní kí n gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún Tajú ní Màlúù Road. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó máa ń fọ abọ́ náà kó tó dá a padà. Kò rán wa ní ọ̀rọ̀ kankan rí, Màmá kò sì bi mí rí pé kí ló sọ.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ni Màmá kò jí mọ́.

Ìjọ wa kì í gbé òkú wọ ilé ìjọsìn. Àgbàlá ilé ni a tẹ́ Màmá sí, nínú aṣọ funfun, àwọn olórin sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èrò pọ̀. Mo wọ sùtánà mi. Lọ́jọ́ yẹn n kò ní ìwé orin tí mo lè fi bo àyà mi, nítorí orí pósí ni ọwọ́ mi wà. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí i tí ọ̀nà ń là láàárín èrò. Tajú ni, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta Táyé báyìí bọ́ gìtá náà lọ́rùn, ó nà án sí i. Tajú mi orí, kò gbà á. Ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi.

Wòlíì ń bọ̀ pẹ̀lú ìgò òróró. Bóyá nítorí pé Ìyá Ìjọ ni, bóyá nítorí pé òun náà ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n. Ó da òróró sí iwájú orí Màmá, ó tún da sí i. Ó ṣàn wá sí ìpéǹpéjú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín nígbà náà wà níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n, gbogbo wọn ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara wọn. Èmi ń wo àyà mi.

Tajú yọ áńkáṣíìfù rẹ̀ lápò. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọra nu òróró náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń nu gìtá.

"Díẹ̀ náà tó o, Bàbá Wòlíì," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó wọ etí Màmá."